Òkúta Tó Ba Káfíńtà Lórí

Ọdún mọ́kànlá ni alágbàfọ̀ kan fi gbé inú ilé tí yàrá rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ káfíńtà lọkọ rẹ̀. Aṣọ ìkélé ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ilẹ̀kùn Káfíńtà wà nílé àwọn oníbàárà. Inú kì í bí obìnrin náà. Bọ́rọ̀ ọ̀hún bá sú u, á ní, "Bàbá ilé, àbí ọjọ́ tí mo bá kú lẹ tó máa rí pákó tèmi?" Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló dédé bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Ẹnikẹ́ni kò rán an létí. Ó ti oníbàárà méjì sẹ́yìn, ó gbé pákó tó dáa jù nínú ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ oníbàárà níwájú ilé nígbà tó gbọ́ ìró kan lókè, bí ìgbà tí wọ́n ń já àgbá irin sílẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tó wà lójú títì gbójú sókè. Àwọn kan ní àwọn rí iná tó sáré kọjá lójú sánmà lọ́sàn-án gangan, tó sì fi èéfín sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Obìnrin náà kò tíì gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí páànù ìsọ̀ fi dún gbàù.

Nígbà tó débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí pákó ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ ń sun láti ẹ̀bá etí rẹ̀. Òkúta kan wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Obìnrin náà fi ọwọ́ gbé e kúrò lọ́nà kó lè ráyè kúnlẹ̀. Ó rò pé á jó òun. Ó tutù.

Bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Káfíńtà kò kú. Ó la ojú òsì, ó sì lè di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú agbárí rẹ̀, Ìyá. A ní láti ṣí i. Bó bá kọjá ọjọ́ mẹ́rin, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́."

Ó wá kọ iye owó iṣẹ́ abẹ náà sórí bébà pélébé kan. Obìnrin náà rò pé àṣìkọ ni. Ó ní kí dókítà bá òun kà á sókè. Ó kà á. Bó ṣe rí lójú náà ló rí lẹ́nu.

Nígbà tó padà délé láti wá mú aṣọ ìpààrọ̀, kò mọ ohun tí ì bá fọwọ́ ṣe, ló bá ṣe ohun tọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó fọ fìlà. Ó gbé òkúta náà sínú bàsíà, ó da omi ọṣẹ lé e, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí omi fi mọ́. Ó lè jù ú nù, àmọ́ kò jù ú nù. Ó fẹ́ kí ọkọ òun rí i bó bá dìde, kó lè bú u dáadáa.

Ọkùnrin náà ní àbúrò kan ṣoṣo, tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Káfíńtà ló sì fi owó pákó rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ọkọ mi kékeré ni alágbàfọ̀ ń pè é. Òun ló gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan ti ń wọ̀lú wá ra òkúta ojú ọ̀run, òun náà ló sì mú ọ̀kan nínú wọn wálé lọ́jọ́ kẹta. Àwọn èèyàn ti ń pe oníṣòwò náà ní Gíráàmù, torí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má dárúkọ òṣùwọ̀n yẹn.

Gíráàmù wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan òkúta náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn lábẹ́ awò tó fi ń wo nǹkan tínńtínní.

"Ìyá, ẹ wo awọ dúdú yìí. Iná ojú ọ̀run ló yan án bẹ́ẹ̀. Bí awọ bá pé, owó pé. Bí òjò bá pa á, á dípẹtà, owó á wálẹ̀. Èyí tó já níjẹta, tí gbogbo ìlú gbúròó rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ti sùn nínú ilẹ̀ láti ayé baba ńlá wa." Ó gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré kan. "Ẹgbẹ̀rin gíráàmù dín mẹ́wàá. Kò fọ́, kò sán. Bó bá jẹ́ inú igbó ló bọ́ sí, mo mọ iye tí mo máa dá lé gíráàmù kan. Èyí tó ba òrùlé, ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tó wá ba ènìyàn..." Ó gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n. "Mi ò fojú kan irú ẹ̀ rí. Àwọn olówó kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń retí."

Àbúrò ọkọ fi ìgúnpá gbún obìnrin náà. Gíráàmù gbé òkúta súnmọ́ imú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ń rùn bí ọṣẹ lára ẹ̀?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló wà lára ẹ̀."

Gíráàmù jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an lowó, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lẹ̀rí." Ó béèrè fìlà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó béèrè ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n tiẹ̀ ti lọ̀ ọ́, ó wà ní kíká lórí àpótí. Obìnrin náà ń dáhùn bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí.

Ohun méjì ló kù tí omi kò kàn: páànù tó lu, àti ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ti mu wọnú pákó rẹ̀. Gíráàmù fi téèpù wọn àbàwọ́n náà lóòró àti níbùú. Ó ṣírò fúngbà díẹ̀, ó wá dárúkọ iye tó máa san fún òkúta, páànù àti ilẹ̀kùn lápapọ̀. Owó iṣẹ́ abẹ ni, ó sì lé díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n obìnrin náà nígbà tí àbúrò ọkọ fà á lọ sídìí okùn ìsáṣọ.

"Ìyàwó wa, ẹ farabalẹ̀. Ẹlòmíì ti pè mí lórí fóònù. Ìlọ́po méjì ló fẹ́ san. Ọ̀sán ọ̀la ló máa dé. Ọjà tí wọ́n ń du rà, olówó ẹ̀ kì í sáré tà á."

"Dókítà ní ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ mi."

"Òní ọjọ́ kẹta. Ọ̀la ló pé mẹ́rin. Ṣé bí ẹ̀gbọ́n mi bá dìde, ọjọ́ náà ló máa gbé ayùn ni? Kí lẹ máa jẹ?"

Obìnrin náà wo okùn. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀. Àwọn yòókù ti wá kó tiwọn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó padà sọ́dọ̀ Gíráàmù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Kó tó di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì, ariwo ti sọ. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lódìkejì odò ti ṣa òkúta ojú ọ̀run kún àpò kan, ọ̀kan nínú wọn tó orí ewúrẹ́. Ẹni tó fẹ́ san ìlọ́po méjì dé lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ kan inú, ẹsẹ̀ kan ìta ló fi dúró. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ba ènìyàn? Ta ni ò lè da ẹ̀jẹ̀ adìẹ sórí pákó?" Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà odò.

Ìrọ̀lẹ́ ni Gíráàmù tó yọjú. Kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. "Lánàá, òkúta méjì péré lẹ́nikẹ́ni rí nínú èyí tó já yìí. Lónìí, ó ti tó ọgọ́ta. Kì í ṣe èmi ló fọwọ́ fà á wálẹ̀." Ìdajì iye àná ló san. Wọ́n di ilẹ̀kùn mọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì tú páànù lórí ìsọ̀. Obìnrin náà bá wọn di okùn.

Àbúrò ọkọ ta gbogbo fíríìjì tirẹ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ta irinṣẹ́ mọ́ ọn, kí owó lè pé. Ọjọ́ méjì ni ìyẹn gbà. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ṣí agbárí Káfíńtà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ọwọ́ tó fi ń di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú tú sílẹ̀. Dókítà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ì bá jẹ́ pé ó tètè..." ó sì gbé ìyókù mì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Gíráàmù wá kí i. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Lẹ́yìn náà ló tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. "Ìwé kan wà tí ilé ìwòsàn máa fún yín, tó sọ pé ẹni báyìí kú, tó sì sọ ohun tó pa á. Bí mo bá fi ẹ̀dà kan mọ́ òkúta yẹn, ẹni tó fẹ́ rà á máa fi ìlọ́po mẹ́ta lé e. Mo lè gba ẹ̀yìn yín lọ wá ìwé náà. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ nínú ẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. "Ká ní ó yè ńkọ́?"

"Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Ká ní ọkọ mi yè. Ká ní ó jókòó síbí yìí, tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èló lẹ ò bá fi lé e?"

Gíráàmù wolẹ̀. "Kò lè tó yìí," ló wí.

Obìnrin náà fún un ní ìwé náà. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń rí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, tó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Nígbà tí owó dé, ó dì í sínú àpò, ó gbé e lọ bá a.

"Ọkọ mi, ẹ fi ra irinṣẹ́."

Ọkùnrin náà kò nawọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dúró."

"Ẹnu mi ló ti jáde."

"Èmi ni mo fi sí yín lẹ́nu."

Obìnrin náà gbé àpò náà sórí àga, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ra irinṣẹ́ lóòótọ́. Fíríìjì tún ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àmọ́ kò wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Bí alágbàfọ̀ bá ru aṣọ tó sì rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, á yà sí òpópónà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ jìn jù. Lọ́jọ́ tí òun kò bá tètè rí i, ọkùnrin náà ló ń yà.