Wúrà Imú Kani

Pechi ló ní kí wọ́n lu imú Kani, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Nílé àwọn Kani, etí nìkan ni wọ́n ń lu fún obìnrin. Bí wọ́n bá ti lu ti ọmọ jòjòló tán, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì kó ẹrù ìyàwó wọlé tán tí Pechi fi fárígá. Ó ní ìyàwó tí imú rẹ̀ ṣófo kọ́ ni yóò máa bu ìrẹsì fún Isakki ọmọ òun, pé ṣé kí àwọn ará oko iyọ̀ máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ wúrà nìyẹn. Ọkùnrin náà jókòó síta, ó fi wáyà wúrà tín-ín-rín kan lu imú ọ̀tún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ká ìdí rẹ̀ sínú, òkúta pupa bíńtín wá ń dán lórí rẹ̀ níta. Kani ò ké. Isakki tó jẹ́ ọkọ ló ké.

"Háà! Imú ta ni wọ́n lu?" ni Pechi bi í. "Ṣé tìẹ ni?"

"Màmá, ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ọkùnrin bí ìwọ! Bọ́ síta, kó o lọ gba atẹ́gùn."

Àsìkò òjò ni, egbò kì í sì í tètè jinná lásìkò òjò létí òkun yẹn. Aṣọ kì í gbẹ, ara kì í gbẹ, ojú egbò náà kì í gbẹ. Láràárọ̀, kí iná ìdáná tó ràn dáadáa, Pechi á ti mú Kani jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á gbé ojú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Á bu iyọ̀ sínú omi tó ti hó tó sì ti tutù, á rẹ òwú sí i, á fi òwú náà lé èépá tó di wúrà mú, títí yóò fi rọ̀. Kì í fà á. Tó bá rọ̀ tán ni yóò tó nù ún kúrò, á wá fi òróró àgbọn tí wọ́n po àtàlẹ̀ pupa mọ́ tọ́ ọ. Òfin rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé ìwé lọ. Kani ò gbọ́dọ̀ jẹ ikàn, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹja gbígbẹ, kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan imú náà, àfi Pechi fúnra rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí o," ló máa ń sọ fún Kani. "Ìwọ alára wà níbẹ̀."

Isakki ló ń kó iyọ̀ náà wálé láti oko iyọ̀, níbi tó ti ń bá wọn gbẹ omi òkun di iyọ̀. Á wé e sínú aṣọ, á gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, á ní, "Màmá, iyọ̀ imú dé o! Ìgbà wo lẹ máa bá imú yìí ṣe tán, kẹ́ ẹ dá ìyàwó mi padà fún mi?" Pechi á gbé ṣíbí ìrokà sókè bí ẹni tó fẹ́ nà án, Kani á bojú rẹ́rìn-ín. Ilé náà dùn nígbà náà. Pechi ò dúpẹ́ fún un, nítorí ta ló ń dúpẹ́ fún ohun tó rò pé yóò wà lọ́la náà?

Òjò ló wọ inú wáyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi òkun sínú oko iyọ̀. Isakki ní kí òun lọ pa á, iná sì gbé e. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó rí igi gbígbẹ fi já a gbà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ẹ̀rọ ni wọ́n gbé e lé wálé, omi iyọ̀ ṣì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, Pechi ti gbé omi kaná, ó ti bu iyọ̀ sí i, kó tó rántí. Ó jókòó sílẹ̀ gbàmù. Iyọ̀ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ó sunkún títí omi náà fi tutù, ló bá pe Kani, ó wẹ imú rẹ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ òun lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omijé Kani ń ṣàn lọ sínú òwú, Pechi ń fún un dànù, ó ń rẹ ẹ́ padà.

Sornam ló bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Pechi tó jẹ́ obìnrin ni, opó ni òun náà bíi Pechi, ó sì ti wá bá wọn gbé di ọjọ́ ìbọ́ṣọ̀ọ́, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn opó ilé yóò péjọ láti bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ kúrò lára opó tuntun. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í bẹ̀rù ẹnì kan.

"Ìyá Isakki, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Imú ọmọ yìí ni, mà."

"Mo rí i pé imú ni, mi ò fọ́jú. Wúrà tá a máa bọ́, kí lo tún ń kẹ́ ẹ fún? Fi sílẹ̀. Ihò tuntun ni, tá a bá ti yọ ọ́, kílẹ̀ ó tó mọ́ á ti dí. Ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ń wí i níbẹ̀ nìyẹn. Opó tí ojú ibi tí wọ́n lu nímú rẹ̀ bá ti dí, wọ́n á ní ó ti ti ilẹ̀kùn, alárinà kankan ò sì ní béèrè rẹ̀ mọ́ láyé. Ilé ìyá ọkọ ni yóò darúgbó sí. Èyí tí tirẹ̀ bá ṣì là, wọn ò ní sọ nǹkan kan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa béèrè rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Tí Pechi fúnra rẹ̀ ti dí tipẹ́, ó ku àpá dúdú kan.

Sornam dúró kí Kani wọlé tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, Pechi. Bàbá ọmọ yẹn á wá mú un lọ sinmi lẹ́yìn ìbọ́ṣọ̀ọ́, àṣà ni. Tí imú ẹ̀ bá ti dí, wọ́n á dá a padà fún ọ. Tí ò bá dí, ọmọ tó rẹwà báyìí, ta ló máa dá a padà? Ta ló wá kù pẹ̀lú ẹ nínú ilé yìí? Ta ló máa bu omi fún ẹ mu tó o bá ń ṣàìsàn? Ronú o."

Pechi ronú. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó sùn. Ó wo ẹní Isakki tí wọ́n ká sára ògiri, ó wo Kani tó sùn ní ẹ̀gbẹ́ òsì bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ, ẹ̀rù sì bà á gan-an. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé omi kaná mọ́.

Síbẹ̀, Kani jáde wá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ojú sókè, ó dijú, ó ń retí. Pechi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní òun ń lọ ja ewé ewúrẹ́. Nígbà tó padà dé, ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kẹta, Pechi sì ń wá iṣẹ́ tí kò sí kiri àgbàlá. Ìyà ń jẹ ẹ́. Ìkà ò bá a lára mu, ó sì ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, imú náà wú. Ó pọ́n, awọ rẹ̀ le, ó fẹ́ẹ̀ gbé òkúta pupa náà mì, ọyún ń yọ létí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Pechi gbé abọ́ ìrẹsì fún Kani, ọmọ náà ò lè gbà á. Ara rẹ̀ gbóná janjan, eyín rẹ̀ ń gbá pọ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Màmá, ó ń sọ mí kìkì. Ó ti dé ojú, ó ti dé orí."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Pechi. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó ò fi fúnra ẹ wẹ̀ ẹ́? Ṣé iyọ̀ tán ni? Ṣé omi tán ni?"

Kani wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. "Ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, tó fi dórí èmi alára. Mo ń dúró dè yín ni."

Pechi jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún kí Sornam má baà gbọ́. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé òun mì. Ọmọ ọlọ́mọ gbọ́ràn sí òun lẹ́nu títí ara rẹ̀ fi gbóná, òun sì ń ṣe èyí kí òun lè rí ẹni bu omi fún òun mu! Ó nu ojú nù, ó dá iná. Láti ọ̀sán yẹn, ó ń fi òwú gbígbóná lé imú náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó ń rọra fún ọyún jáde, ó ń ta òróró sí i. Sornam ń pòṣé, Pechi ò dá a lóhùn. Díẹ̀díẹ̀, ara tutù, awọ náà rọ̀, èépá tó ń mú jáde ò ní ọyún nínú mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbọ́ṣọ̀ọ́, bó ti ń nù ún lọ́wọ́, ó bi í léèrè. "Kani, ṣé o fẹ́ kó dí?"

Ọmọ náà ní, "Tí mo bá ní mo fẹ́, irọ́ ni mo pa. Tí mo bá ní mi ò fẹ́, ẹ máa rò pé mi ò fẹ́ràn Isakki. Mo fẹ́ràn ẹ̀, Màmá. Àmọ́ mi ò tíì pé ogún ọdún, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó dáa," ni Pechi wí.

Ọjọ́ ìbọ́ṣọ̀ọ́ pé. Bàbá Kani gbé aṣọ tuntun wá láti ilé wọn, ọkùnrin tútù kan tí kì í gbójú sókè. Àwọn opó pagbo yí ọmọ náà ká. Wọ́n fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ gíláàsì, wọ́n bọ́ okùn ìgbéyàwó tí Isakki so mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ sínú abọ́ wàrà, wọ́n ń ké, Kani ń ké. Nígbà tó kan imú, Sornam nawọ́ sí Pechi. "Ìwọ lo ń tọ́jú ẹ̀. Bọ́ ọ."

Pechi tú ìdí wáyà náà pẹ̀lú èékánná méjì, ó fà á jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò yọ, omi ò yọ. Àwọn obìnrin náà na ọrùn wò ó, ojúhò kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Sornam ní, "Kò burú, tó bá dọ̀la á ti dí." Wọ́n fi aṣọ tuntun bo ọmọ náà lórí, wọ́n lọ jẹun.

Pechi ò jẹun. Ó fa Kani lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ṣẹ́ ẹyọ igi kan nínú ìgbálẹ̀, ó gé e kúrú, ó fi ọ̀bẹ fá a kó dán, ó sè é nínú omi iyọ̀, ó fi òróró pa á. Ó ní kí ọmọ náà mí sínú, ó sì rọra ti igi náà wọ ojúhò náà já.

"Pechi! Kí lo fi sí ọmọ yẹn nímú?" Sornam ti dé ẹ̀yìn wọn, ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Igi ìgbálẹ̀ ni, mà."

"Orí ẹ ti dàrú ni? A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọmọ yìí tán!"

"Wúrà lẹ ní kí opó má fi sí i. Ìgbà wo nìgbálẹ̀ di wúrà? Ṣé tẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀, ọ̀ṣọ́ lẹ̀ ń ṣe ni? Egbò ọmọ ni mò ń tọ́jú. Egbò ò mọ̀ pé ọkọ kú."

Ohùn Sornam rọ̀, ó sì burú ju ìgbà tó le lọ. "Ìyá Isakki, ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin míì lò ń ṣílẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún?"

"Mo mọ̀."

"Lójú ọmọ tìẹ tó wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún?"

"Mo ní mo mọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́."

Pechi sin Kani àti bàbá rẹ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò. Ó di iyọ̀ díẹ̀ fún Kani sínú ìdì aṣọ, ó ṣàlàyé bí yóò ṣe máa yí igi náà, bí yóò ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ tó bá rọ̀. Bàbá Kani kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọkọ̀. Kani ò wọkọ̀. Ó dì mọ́ Pechi, ó ní, "Màmá, màá máa wá wò yín. Oṣooṣù ni màá máa wá."

"Máa wá," ni Pechi wí. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó wo imú náà dáadáa, bó ṣe máa ń wò ó láàárọ̀. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi wúrà míì síbẹ̀, má wá mọ́ o, Kani. Mi ò ní lè wò ó."

Awakọ̀ ń fọn fèrè. Kani ń sunkún, ó mi orí pé òun ti gbọ́.