Ìdákọ̀ró Lórí Koríko Òkun

Ẹni tó bá dé etíkun náà nígbà yẹn tó sì béèrè ẹni tó dá ẹgbẹ́ aláàbò koríko òkun sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọn yóò nàka sí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹnu-Ò-Sinmi.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló kó àwọn apẹja jọ. Ó ní koríko tó hù nísàlẹ̀ omi, níbi tí òkun ti yọ apá wọ ilẹ̀, ni ẹja ń yé sí. Bí ìdákọ̀ró bá ń hú u, tí àwọ̀n ń wọ́ ọ ya, kí ni àwọn ọmọ wọn yóò pa jẹ lọ́la? Ìjọba ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kun kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ní pupa, wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta kí ó lè léfòó yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró tàbí àwọ̀n sáàárín rẹ̀. Gbogbo wọn ló nawọ́, àfi bàbá arúgbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Ohun yòówù tí èèyàn bá bá bàbá yìí sọ, "Ó dojú ẹ̀" ni yóò fi dáhùn, ìyẹn ni pé ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ la ó mọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ó-Dojú-Ẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo omi, Ẹnu-Ò-Sinmi gbé ọkọ̀ jáde láti dán ẹ́ńjìnnì kan wò. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ti fọ́nnu fún wọn lórí fóònù pé ẹja tó máa kún wọn lójú ni wọ́n máa jẹ. Ó ju ìwọ̀ síbí, ó jù ú sọ́hùn-ún, pàbó ló já sí. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì pupa, àwọn ẹja ń ta láàárín wọn bíi gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kùrukùru nìkan ló rí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó wí fún ara rẹ̀, ó sì ju ìdákọ̀ró.

Kò pẹ́ tó fi pa ẹja ńlá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fa ìdákọ̀ró sókè, ó ti há. Ló bá tan ẹ́ńjìnnì, ó fi ipá wọ́ ọ. Ohun tó bá a jáde ju ìdákọ̀ró lọ: odindi ẹní koríko ni, tòun ti gbòǹgbò tòun ti ẹrẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹja tí ò ju èékánná lọ ń jà pìtìpìtì nínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tì í padà sómi. Lọ́sàn-án, àwọn àna jẹ ẹja, wọ́n ń yìn ín. Òun ti àwo tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wọn koríko náà, tó ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó jáde nínú omi lọ́sẹ̀ náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ti hú u, bàbá mi. Ojú ibẹ̀ gùn tó ọkọ̀ mẹ́ta."

Wọ́n pèpàdé sábẹ́ búkà tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń ra ẹja wọn tà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ta ni ò nawọ́ nínú wa?" Gbogbo ojú yí sí ibì kan náà.

"Èmi kọ́," ni bàbá arúgbó wí.

"Ta wá ni?" ni ìyá ẹlẹ́ja bi í.

Bàbá wo Ẹnu-Ò-Sinmi díẹ̀, ó sì wolẹ̀. "Ó dojú ẹ̀."

Ariwo ta. Ẹnu-Ò-Sinmi, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, dìde. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ohun tó sọ ni: "Bàbá, ẹ máa lọ sílé ná, títí a ó fi mọ bó ṣe jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá bàbá fa ọkọ̀ gun iyanrìn mọ́. Òun nìkan ló ń fà á, díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró mí. Ẹnu-Ò-Sinmi ń wò ó láti ṣọ́ọ̀bù, yóò sì yára bojú wẹ̀yìn bí ẹni ń wá sípánà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó ṣí ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Ojú ibi tí ìdákọ̀ró wọ́ ló yà: ìlà méjì jìn, ẹ̀kẹta fẹ́ẹ́rẹ́. Ìdákọ̀ró tó rọ̀ sára ògiri lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní èékánná mẹ́ta, ọ̀kan ti ká sókè. Ọmọ náà ò nàka sí i.

"Ẹ bá mi wò ó, bàbá mi, bóyá mo yà á dáadáa."

Bàbá rẹ̀ wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "O yà á dáadáa."

Ọmọ náà pa ìwé dé, ó jáde. Ì bá sàn fún bàbá rẹ̀ ká ní ó bú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ẹnu-Ò-Sinmi lọ bá bàbá arúgbó níwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo wà lẹ́yìn àpáta nítòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. O ò rí mi. Èmi rí ẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tí n bá sọ pé ìwọ tó dá a sílẹ̀ lo bà á jẹ́, ta ni yóò tún tẹ̀ lé e? Wọ́n á wọ́ àwọ̀n gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èmi ò nawọ́ torí n kì í ṣèlérí ohun tí n ò tíì rí. Àmọ́ láti ọdún mẹ́ta yìí, ẹja ibẹ̀ ló ń wá bá ìwọ̀ mi. Dìde, jàre. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà, kí ni ìtìjú fẹ́ fi mí ṣe?"

Ojú ti Ẹnu-Ò-Sinmi bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Ẹni tó fẹ̀sùn lé jáde ló ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pèpàdé, ó gbé ìdákọ̀ró sílẹ̀ láàárín wọn. "Èmi ni mo hú u. Bàbá ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ní kí wọ́n máa lọ sílé." 

Ìyá ẹlẹ́ja pàtẹ́wọ́, ó káwọ́ lérí. Apẹja kan dìde: "Kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú nìyẹn!" Àwọn kan ń hó pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dá wọn lóhùn. "Ṣé bàbá mi la ṣèlérí fún ni? Ara wa la ṣèlérí fún."

Wọ́n jiyàn títí. Nígbẹ̀yìn, àdéhùn dúró, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ nípò alága, wọ́n sì ní òun ni yóò tún koríko náà gbìn. Apẹja tó bínú yẹn wọ́ àwọ̀n gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ tó gbọ́.

Ní báyìí, bí omi bá ti fà, Ẹnu-Ò-Sinmi a wọ̀ ọ́ dé àyà, a máa fi ọwọ́ ki gbòǹgbò bọ ẹrẹ̀, ọmọ rẹ̀ a sì máa sọ ibi tó kàn fún un láìsọ nǹkan mìíràn. Nínú mẹ́wàá tó bá gbìn, mẹ́rin ló ń fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ọmọ náà ní yóò tó ọdún márùn-ún kí ojú ibẹ̀ tó pa dé. Nígbà mìíràn bàbá arúgbó a tukọ̀ kọjá, a kí i pé, "O kú iṣẹ́ o." Ẹnu-Ò-Sinmi a dáhùn, ṣùgbọ́n kò tíì lè gbójú sókè wò ó.