Omi Tó Gba Ẹ̀yìn Ògiri

Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ sọ pé omi balùwẹ̀ ń ta òun lára, ẹ̀rín ni Aránṣọ fi gbà á. Aránṣọ yìí, ìyàwó ọmọ Màmá ni. Iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń ṣe ní yàrá ìsàlẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

"Màmá, omi kì í ṣe kòkòrò. Bóyá ẹsẹ̀ yín ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀."

"Àgbà ti dé, ọpọlọ kò tíì lọ," ni Màmá fèsì. "Mo ní ó ń ta mí."

Ọkọ Aránṣọ, tó jẹ́ awakọ̀ tírélà, ní ara àgbà ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dun Aránṣọ ní tirẹ̀ ni gọ́ọ̀mù funfun tó dí ẹsẹ̀ ògiri lábẹ́ ṣáwà. Ó ti gbó, ó ti bó, èbu dúdú sì ti bo ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá wẹ̀ lókè, omi a rin àjà yàrá tó ti ń ránṣọ. Ló bá ra gọ́ọ̀mù tuntun, ó yá ìbọn tí wọ́n fi ń fún un jáde lọ́wọ́ káfíńtà. Ó ní ẹni tó lè rán ọrùn ẹ̀wù kó má wọ́, kí ni gọ́ọ̀mù fẹ́ fi í ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣe é, ó sọ fún Màmá pé kí wọ́n má wọ balùwẹ̀ títí òun yóò fi parí. Màmá mi orí. Etí wọn ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́. Ti òsì a máa gbọ́ èyí tó bá wù ú.

Aránṣọ kúnlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ tínrín ya gọ́ọ̀mù àtijọ́ lókè, ó ya á nísàlẹ̀, ó fà á. Ó ń jáde bí ìfun adìẹ, omi dúdú sì ń tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn táìsì náà kó lè ha ìdọ̀tí ibẹ̀.

Nǹkan kan gbá a lọ́wọ́ títí dé èjìká. Ọ̀bẹ fò lọ. Aránṣọ fìdí lélẹ̀. Níbi tí táìsì ti yẹ̀, ó rí wáyà hítà tó ń mú omi gbóná nínú ògiri, ó tutù rinrin, ara rẹ̀ ti bó.

Omi ń ta mí, ni Màmá ti wí.

Ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ó fẹ́ di ògiri mú, ó tún ń bẹ̀rù ògiri. Ó wọ yàrá, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Iná wà nínú ògiri balùwẹ̀!"

"Iná báwo? Ilé ń jó ni?"

"Iná mọ̀nàmọ́ná! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi. Òun ló ń ta Màmá!"

"Lọ pa á nísàlẹ̀! Màmá dà?"

Kó tó dáhùn, ó gbọ́ ìró omi.

Ó sáré. Màmá ti wọlé lọ ṣan ẹsẹ̀. Wọ́n ti ṣí omi, ọwọ́ wọn sì wà lára irin tí ọmọ wọn kàn mọ́ ògiri kí wọ́n lè máa rí nǹkan dì mú. Ẹnu wọn là, ohùn kò jáde. Apá wọn ń gbọ̀n, ojú wọn sì ń wo Aránṣọ.

"Màmá!" Ó na ọwọ́, ó sì yára fà á padà. Ó ti gbọ́ rí pé bí iná bá gbé èèyàn, ẹni tó bá dì í mú, á gbé òun náà. Bí òun pẹ̀lú bá lẹ̀ mọ́ ọn, ta ni yóò pa iná? Ṣùgbọ́n kó kẹ̀yìn sí ìyá ọkọ rẹ̀ báyìí, kí ojú wọn máa wò ó lọ!

Ó kẹ̀yìn. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yọ̀, ó fi orúnkún gbálẹ̀, ó dìde. Súìṣì ńlá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó fi gbogbo ara fà á wálẹ̀. Fìríìjì dákẹ́. Lókè, nǹkan ṣubú, gbìì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìró kankan mọ́ àfi ti omi.

Aránṣọ ń gun òkè padà, kò sì fẹ́ débẹ̀. "Màmá. Màmá, ẹ dákun, ẹ dáhùn." Balùwẹ̀ kò ní fèrèsé; ó ṣú dùdù. Ó ń fi ọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi kan èjìká wọn. Ó gbé etí lé wọn láyà, ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ó sáré ti omi, ó tún gbé etí lé e.

"Orí rẹ wúwo," ni Màmá wí, bí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Aránṣọ bú sẹ́kún.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kí Màmá sùn síbẹ̀ kí àwọn lè máa ṣọ́ ọkàn wọn. Àtẹ́lẹwọ́ wọn jóná, ìbàdí wọn wú, ṣùgbọ́n eegun kankan kò ṣẹ́.

"Ẹ sọ fún wa, a ò gbọ́," ni Aránṣọ wí létí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ tí mo bí náà kúkú ní ara àgbà ni." Màmá yíjú sí i. "Mo rí ọ tí o ń sá lọ. Mo ní ó parí, ìyàwó mi ti fi mí sílẹ̀."

"Súìṣì ni mo lọ…"

"Mo ti mọ̀ báyìí. Nígbà yẹn, mi ò mọ̀." Wọ́n fi ọwọ́ tí kò jóná fa Aránṣọ mọ́ra.

Oníná wá tú ògiri náà, ó fa wáyà tuntun gba ibòmíràn, ó sì ṣe súìṣì tó ń fúnra rẹ̀ já bí iná bá ti kan omi. Nígbà tí ògiri gbẹ dáadáa, Aránṣọ fúnra rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i. Ó fi ìka tó tì bọ omi ọṣẹ tẹ́ ẹ láti ìkángun dé ìkángun. Ó gún régé. Oníná fi ẹ̀rọ dán omi, irin àti ògiri wò, ó ní kò séwu mọ́. Màmá gbà á gbọ́. Aránṣọ kò rí i gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ padà wẹ̀, Aránṣọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí.

"Ta ló ń mí bí ẹṣin níta yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Lọ máa rán aṣọ rẹ."

"Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, mà. Ohunkóhun tó bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ máa sọ ọ́."

Màmá kọ́kọ́ kùn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìbátan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí oníkálùkù fi ṣẹ̀ wọ́n. Aránṣọ gbé orí ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.