Àwọn Àgbà Ojú Títì Ìrókò

Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún tó kọjá, mọ́tò gbá Kifayah lójú títì Ọ̀yọ́, níbi tí ọjà Ìrókò ti dojú kọ títì. Ata ló fẹ́ sọdá lọ rà. Kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Dírẹ́bà tó gbá a kò dúró, nígbà tí wọ́n sì fi máa gbé e dé ọsibítù ní Moniya, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gbogbo ìlú sunkún. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣe bọ́m̀pù tó ń dín eré mọ́tò kù síwájú ọjà. Ọdún yí po, Iléyá mìíràn kù sí dẹ̀dẹ̀, bọ́m̀pù ò tíì dé.

Màmá Títíladé ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní í fọwọ́ lẹ́rán mọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ló kọ́ Kifayah ní ìwé kíkà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba ilé Jùbrílù lọ.

Jùbrílù wà lórí àga níwájú ilé, níbi tó máa ń wà. Ọdún márùndínlógójì ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Ṣáṣá àti Kánò, tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà bọ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti lé e kúrò lójú títì, ìjókòó ló kù. Kaothar ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kì í jẹ́ kí oúnjẹ àti oògùn wọ́n ọn, ohun kan náà ló sì máa ń sọ lórí fóònù: "Ẹ sáà jókòó, Bàbá mi, kí ẹ sinmi." Ìsinmi ọ̀hún ti sú u. Nígbà míì tó bá gbọ́ ìró tírélà lókèèrè, á mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò sí, á mọ jíà tó wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi í.

"Bàbá Kaothar, ẹ kú ìjókòó o," ni Màmá Tíṣà wí. "Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Iṣẹ́ wo ló kù tí mo lè ṣe, Màmá Tíṣà? Ẹ wo orúnkún mi."

"N ò wá nítorí orúnkún. Ojú àti etí yín ni mo bá wá. Mo fẹ́ kí àwa àgbà máa dúró sójú títì títí dé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, kí á máa dá mọ́tò dúró, kí àwọn èèyàn lè rí ọ̀nà sọdá. Àwọn ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa la ráyè."

Jùbrílù rẹ́rìn-ín. "Àwọn dírẹ́bà tí mo mọ̀ kì í dúró fún arúgbó."

"Ẹ̀yin náà ò dúró fún arúgbó rí?"

Jùbrílù fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Mo máa ń dúró," ó ní, "tí mo bá rí i pé arúgbó náà ò bẹ̀rù mi."

"Ó dáa. Ẹ wá kọ́ wa bí a ṣe ń dúró láìbẹ̀rù."

Àwọn mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta ni Sàníù, àgbẹ̀ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lórí òkè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹni kẹrin ni Alhaja Hasanat, opó tó ń ta gààrí. Màmá Tíṣà ya kọ́tìnì pupa kan, ó fi rán àsíá mẹ́rin. Jùbrílù pín fèrè fún wọn, ó sì kọ́ wọn bí ẹni kọ́ ọmọṣẹ́: ẹ má kẹ̀yìn sí mọ́tò láéláé; ẹ na àsíá sókè kí ẹsẹ̀ yín tó kan ọ̀dà; ojú dírẹ́bà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo táyà. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè mi lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo èèyàn kúrò lójú títì, ẹ má bi mí ní ìdí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ń tì wọ́n díẹ̀. Ọlọ́kadà kan sáré kọjá lábẹ́ àsíá Alhaja Hasanat, ó sì pariwo pé, "Ẹ̀yin arúgbó, ẹ lọ sùn nílé jàre!"

Màmá Tíṣà wo abẹ́ fìlà rẹ̀ dáadáa. "Safwan! Ṣé ìwọ lò ń bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Ọ̀kadà dúró gbọnrangandan. Safwan, bàbá ọmọ méjì tí Màmá Tíṣà kọ́ níwèé rí, sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá títì. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Bí kì í bá ṣe èmi ńkọ́?"

Safwan ṣí fìlà, ó tún forí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́kadà ló máa ń kọ́kọ́ dúró tí àsíá bá ti gòkè.

Ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, ni ọjọ́ kẹta iṣẹ́ wọn. Èrò ọjà pọ̀ bí eéṣú, àgbò ń ké, àwọn tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó bọ̀ wálé ọdún ń rọ́ wọlé. Kaothar wà lára wọn. Ó rí bàbá rẹ̀ tó dúró nínú oòrùn, tí òógùn bò ó, tó na àkísà pupa sókè. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá mi! Kí lẹ ń ṣe níbí? Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa sọ pé a ò tọ́jú yín ni?"

"Kaothar, kú àbọ̀. O ń tọ́jú mi. Oúnjẹ rẹ ń dé, oògùn rẹ ń dé. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Àwọn wọ̀nyí bi mí."

Kaothar la ẹnu láti fèsì. Jùbrílù ká a lọ́wọ́ kò. Ó yí etí sí apá òkè, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Họ́ọ̀nù kan ń dún níbẹ̀, kò dáwọ́ dúró, lábẹ́ họ́ọ̀nù náà sì ni ẹ́ńjìnnì kan ń ké bí ẹranko tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, nítorí pé dírẹ́bà ń fi jíà fà á sẹ́yìn.

"Bíréèkì rẹ̀ ti lọ," ni Jùbrílù wí. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí. Sàníù, tó ń mú àwọn alágbò kan sọdá, fa àgbò àti àwọn tó ni wọ́n pọ̀ sẹ́yìn. Alhaja Hasanat na apá méjèèjì síwájú àwọn obìnrin ọjà. Màmá Tíṣà fi ohùn tó fi ń darí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ilé-ìwé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pariwo pé, "Ẹ padà sẹ́yìn! Gbogbo yín!" Safwan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ọ̀kadà dí àwọn mọ́tò tó ń ti Moniya bọ̀.

Ojú títì mọ́ fo. Ṣùgbọ́n Jùbrílù mọ̀ pé tírélà tí kò ní bíréèkì kò ní dúró lójú títì nìkan; tó bá yẹ̀ báyìí, inú ọjà ló máa já sí. Ọ̀nà erùpẹ̀ kan wà lọ́wọ́ òsì kí a tó dé ọjà, tó gòkè lọ sí oko Sàníù. Àlejò ò lè mọ̀ ọ́n. Jùbrílù sáré. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó rìn dé mọ́sáláṣí láìsinmi, ó gbàgbé pé òun ní in. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà náà, ó ń fi àsíá júwe: òsì, òkè, òsì, òkè.

"Bàbá mi o!" ni Kaothar ké.

Tírélà yọ, àpò àgbàdo kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu. Dírẹ́bà rí bàbá arúgbó kan tó ń wo òun lójú, tí kò mira. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì. Tírélà fì sápá kan, gbogbo ọjà ké "Háà!", ó tún fì padà, ó gun òkè, eruku bo ayé. Òkè gba eré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ àárín ebè ẹ̀gẹ́, tó sì dúró.

Ariwo "Allahu Akbar" àti "Jésù ṣeun" ló pàdé lójú ọ̀run. Dírẹ́bà náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ishaq, sọ̀ kalẹ̀. Ó na gbọọrọ síwájú Jùbrílù nínú eruku.

"Bàbá, ẹ yọ mí nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjà nìkan ni mo rí níwájú. Mo ti ń ṣe kálímà, mo rò pé ikú dé."

Jùbrílù gbé e dìde. "Ìwọ náà ṣe bí ọkùnrin. Àwọn míì ì bá ti bẹ́ sílẹ̀. O jókòó ti ọkọ̀ rẹ."

Sàníù wo oko rẹ̀ tí táyà ti fọ́ yángá. "Ẹ̀gẹ́ ọdún kan àbọ̀ ló lọ yẹn o." Ó mi orí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gẹ́ á tún hù. Èèyàn kì í hù."

Kaothar sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú bàbá rẹ̀, ó nu ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Bàbá mi, aago mélòó lẹ máa ń débí láàárọ̀?"

"Aago méje."

"Màá bá yín gbé àga àti omi tútù wá."

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí àwọn mùsùlùmí lọ sí yìdí, Màmá Tíṣà àti ìyá àgbà mẹ́fà láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló di ojú títì mú. Lẹ́yìn ìrun, lèmọ́mù ní kí Jùbrílù, Sàníù àti Alhaja Hasanat dìde dúró kí gbogbo jàmáà rí wọn. Jùbrílù ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Inú Kaothar, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, dùn débi pé ó ń sọ fún àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ rí pé, "Bàbá mi nìyẹn. Èyí tó wà láàárín yẹn." Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti yìdí, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn dé ẹ̀bá títì, lèmọ́mù fúnra rẹ̀ dúró, gbogbo èrò sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, títí Màmá Tíṣà fi na àsíá sókè tó ní, "Ẹ máa bọ̀. Ẹ kú ọdún o."

Wọn ò fi àsíá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà; nígbà tí Kérésìmesì dé, ó kan àwọn mùsùlùmí láti dúró, kí Màmá Tíṣà lè rí ààyè lọ sí ìsìn. Wọ́n ti di mẹ́tàlélógún nígbà náà, wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ gba àsíá. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Olúmúyìwá, akọ̀wé kan ní Moniya, wá bá wọn, ó ní òun náà fẹ́ bá wọn ṣe é.

"Ọdún mélòó lo jẹ́?" ni Sàníù bi í.

"Méjìdínlọ́gọ́ta, sà. Ó kù díẹ̀."

Sàníù wò ó látòkè délẹ̀, ó gbé àyà sókè, ó tún àsíá rẹ̀ mú dáadáa. "Ọmọdé ṣì ń ṣe ọ́," ó ní. "Padà wá tó bá di ọdún méjì sí i."