Ajá Tí Wọ́n Ní Olówó Rẹ̀ Ti Kú

Ní ilé ìtọ́jú àwọn ajá aláìnílé kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn ajá kí ó tó gbọ́ ìtàn ajá náà tán. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń kà fún un o. Ẹni tó gba ajá wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un dé ni yóò jókòó síwájú ẹni tó fẹ́ mú un lọ, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo ohun tó mọ̀: ibi tí ajá ti wá, ẹni tó mú un wá, ìdí tó fi mú un wá, àìsàn tó ń ṣe é, ẹni tó ti gé jẹ. Bó bá sọ ọ́ tán, yóò ní, "Kò kù síbì kan." Ẹni tó fẹ́ gba ajá yóò wá sọ ti ilé tirẹ̀ náà, bóun náà bá ti ní kò kù síbì kan, wọ́n á fọwọ́ síwèé.

Obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ló jà fún òfin yìí. Òun ló ń gba ẹran wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Láyé ọ̀gá tó ti lọ, kí kéèjì tí wọ́n ń ti ajá mọ́ ṣáà ti ṣófo ni wọ́n ń wá. Ajá tó burú, wọ́n á ní ó tutù bí omi inú àmù; èyí tí àìsàn ń ṣe, wọ́n á ní oorun ló ń kùn ún. Títí ọ̀kan tí wọ́n ní kò mọ ìjà fi fa ètè ọmọ kékeré kan ya. Obìnrin yìí lọ wo ọmọ náà ní ọsíbítù. Nígbà tó dé, ó wọ yàrá ọ̀gá lọ, ó ní bí wọn ò bá ní í sọ òtítọ́ fún àwọn èèyàn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa gba ẹran. Ọ̀gá ló lọ, òun kò lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Sọótán, wọ́n ní bó bá ń pìtàn ajá, títí kan iye ẹ̀gún tó ti gún un lẹ́sẹ̀ ni yóò kà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í jẹ́ kó hàn lójú.

Àmọ́ ẹni tó bá ń fi òtítọ́ yangàn, kó má gbàgbé pé ó korò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí òjò ṣe dá, bàbá àgbà kan tẹ̀pá wọlé, bẹ́líìtì ló fi fún ṣòkòtò rẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Télọ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Kí Sọótán tó kí i tán ló ti sọ fún un pé ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ́, pé ẹni tó rán an kánjú, ó sì ti na ọwọ́ ó ń bá a tún un ṣe.

Ó ní ajá òun lòun ń wá. Ìgbà tí òun wà ní ọsíbítù ló já okùn tó sì sọnù. Gbogbo ilé ajá tó wà nítòsí ni ọmọ òun ti fi mọ́tò gbé òun dé, ibí yìí nìkan ló kù. Ajá pupa ńlá ni, ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ti gé, Sùúrù lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun tó ti dolóògbé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ajá náà kò ní rárá nìyẹn.

Sọótán rẹ́rìn-ín. Ajá náà wà nínú kéèjì lẹ́yìn ilé, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á wọlé. Ó ti lanu láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bàbá náà, tó lọ wá ibi gbé mọ́tò sí, wọlé. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Okùnrin náà dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

Òun ni. Kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó mú Sùúrù wá. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fi ajá sílẹ̀, olówó ajá ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, àfi bó bá ti kú. Okùnrin yìí sọ fún Sọótán pé tíṣà lòun, pé ajá bàbá òun ni, pé bàbá òun ti kú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Sọótán bu omi fún un mu, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó ṣe ọkàn gírí, pé ọ̀nà gbogbo wa ni. Ó tilẹ̀ bá a sunkún díẹ̀. Òkú tó sunkún fún rèé níwájú rẹ̀, tó ń bá a tún ọrùn aṣọ ṣe.

Ó ní kí bàbá jókòó, òun ń bọ̀. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi. Tíṣà ti tẹ̀ lé e kó tó pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo mú un wá. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ pé mo ní wọ́n ti kú."

"Bàbá rẹ?" Sọótán tó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ níjọ́sí, ìwọ ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá tó bí ọ, tó wà láàyè, lo wá fi ẹnu pa fún mi níbí?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ajá náà ló bi bàbá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, bàbá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù. Òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ajá náà, wọn ò gbà. Òun rò pé bí ajá yẹn bá tún bì wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí nìyẹn. Nígbà tí òun sì dé ibí, tí wọ́n ní àfi bí olówó ajá bá ti kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè ṣílẹ̀kùn ni òun sọ. Ibí ni òun mú wọn wá gbẹ̀yìn, òun rò pé ajá á ti bá ẹlòmíràn lọ. "Wọ́n lórí kunkun," ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo pe àwọn lókùú, wọn ò ní í jẹ́ kí n wọ ilé àwọn mọ́. Èmi nìkan ni wọ́n bí, mà."

Inú ń bí Sọótán, àánú sì ń ṣe é, àwọn méjèèjì ń jà nínú rẹ̀. Òun náà bímọ. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ ikú yìí kò kan ajá. Kò sọ ọ́ di agénijẹ, kò fi àìsàn kún un. Bí òun bá fò ó, ta ló máa pa lára? Ìgbà náà ló rántí pé bí ọ̀gá tó lọ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

"Ìwọ ni wàá sọ ọ́," ó ní. "Bí o kò bá sọ ọ́ tán, èmi á sọ èyí tó kù."

Yàrá tí wọ́n ti ń pìtàn kò fẹ̀: tábìlì kan, àga mẹ́ta, fáànù tó ń dún kíkankíkan, àti fèrèsé onígíláàsì tí èèyàn fi ń rí àwọn kéèjì lẹ́yìn ilé. Bí bàbá ṣe wọlé ni Sùúrù rí i. Ó gbó, ó ń fi ara lu irin, ó ń fò sókè. Bàbá ò jókòó mọ́. Ó lọ gbé ọwọ́ lé gíláàsì. Tipátipá ni Sọótán fi rọ̀ ọ́ padà sórí àga.

Tíṣà wá sọ̀rọ̀. Ó ní ajá kò já okùn, òun lòun mú un wá nítorí bó ṣe bi bàbá ṣubú. Ó ń wo tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó gbé ọ̀pá sórí itan.

"O wá ń gbé mi kiri," ó ní, "o sì mọ ibi tó wà."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ó dáa. Mo gbọ́." Ó na ọwọ́ mú bírò, ara tíṣà sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lórí àga. Àfi bí bàbá ṣe gbójú sókè wo Sọótán. "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi?"

Fáànù ń dún. Sọótán wo tíṣà. Ó fún un láyè, ó tún fún un láyè sí i. Tíṣà ò gbórí sókè.

"Rárá, Bàbá. Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti kú. Ohun tí mo fi gba ajá náà nìyẹn."

Bàbá rọra gbé bírò sílẹ̀. Kò pariwo, ìbá sàn bó bá pariwo. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà pé, "Níbo lo sin mí sí?"

Tíṣà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín tábìlì àti ògiri. Bàbá kò wo ibẹ̀ mọ́. Sọótán ló kọjú sí.

"Ìwọ ńkọ́? Wọ́n ní mo kú, o kò béèrè ilé. O kò pe ẹnì kankan. Ẹni tó ń gba ajá òkú, ṣé kò yẹ kó béèrè òkú ni?"

 Láti ìgbà tí Sọótán ti ń sọ ohun gbogbo tó mọ̀ fún àwọn èèyàn, kò tíì wá sí i lọ́kàn rí láti wádìí bóyá òótọ́ lohun tó mọ̀. Ẹni tó bá ti sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbà á gbọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," ó ní. Kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ, ló bá ní, "Ó ku ti ilé tiyín."

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Yàrá méjì, ọgbà tó ní fẹ́ǹsì, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti lọ. Òun máa ń rìn pẹ̀lú ajá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. "Kò kù..." ó ní, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wo fèrèsé. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀. 

"Ajá kọ́ ló bì mí ṣubú," ó ní.

Tíṣà gbórí sókè nílẹ̀.

Òòyì ló kọ́ ọ. Ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ti ṣubú rí ní ilé ìdáná, ó tún ti ṣubú rí ní balùwẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé bí ọmọ òun bá gbọ́, yóò kó òun bí ẹrù lọ sílé tirẹ̀, òun ò sì fẹ́ fi ilé tí òun àti ìyàwó òun jọ gbé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bi òun léèrè, òun ní ajá ni. Ajá kò kúkú lè wá jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ orí òun ni Sùúrù dúró sí tó ń gbó, tí kò dákẹ́, títí aládùúgbò fi já ilẹ̀kùn wọlé.

"Bí kì í bá ṣe ajá yẹn ni," ó sọ fún Sọótán, "irọ́ tí wọ́n pa fún ọ ì bá ti jẹ́ òótọ́."

Sọótán fẹ́ràn bàbá náà ní wákàtí yẹn bí ẹni tó bí i lọ́mọ, ìdí sì nìyẹn tí ohun tó kàn fi nira fún un láti sọ. Ó sọ ọ́ ṣá. Ẹni tí òòyì ń kọ́, tó ń dá gbé, wọn kì í fa ajá ńlá lé e lọ́wọ́.

"Mo mọ̀," bàbá ní. "Ìdí tí mi ò fi fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn."

Tíṣà ti dìde lórí eékún. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun. Òun ò ní í kó bàbá kúrò níbì kankan. Òun ló máa kó wá sọ́dọ̀ wọn, òun ni yóò máa di okùn mú. Sọótán bojú wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ tó purọ́ fún mi níjọ́sí? Sọ tìrẹ náà. Sọ ọ́ tán."

 "Nígbà tí wọ́n pè mí pé wọ́n ṣubú," ó ní, "mo ti sin wọ́n tán lọ́kàn mi kí n tó dé ọsíbítù. Mo ti ro ẹni tí màá pè, mo ti ro aṣọ tí a máa wọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo wá sọ fún yín pé wọ́n ti kú, kò ṣe mí bí irọ́. Mi ò fi ẹkún yẹn ṣeré, mà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn."

 Sọótán fa fóònù orí tábìlì mọ́ra, ó béèrè nọ́ńbà aládùúgbò, ó pè é níṣojú wọn, ó bi í ní ohun tó rí lọ́jọ́ náà àti ẹni tó ń gbó. Ó tẹ́tí títí, ó dúpẹ́, ó sì sọ fóònù kalẹ̀. Bàbá wá mi orí pé ó dáa, bí ọ̀gá télọ̀ tí ọmọṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ojú kan tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni Sọótán ti ìwé síwájú tíṣà, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Sùúrù wá.

Bí wọ́n ṣe ń dúró, bàbá kò wo ọmọ rẹ̀, ògiri ló ń wò.

"Aṣọ wo?" ó béèrè.

"Bàbá?"

"Aṣọ tí o fẹ́ wọ̀ fún mi."

 "Búlúù yẹn. Èyí tí ẹ rán fúnra yín."

Bàbá rò ó wò. "Ọwọ́ òsì aṣọ yẹn ò gún," ó ní. "Ǹ bá dìde nínú pósí."

Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu. Bàbá na ọwọ́ síbi tó wà láìwò ó, ó dì í léjìká mú, kò sì jẹ́ kó lọ títí ajá fi wọlé.