Ẹni Tó Ni Òjò Niuliʻi

Bí ẹ bá ra epo kẹrosíìnì lọ́wọ́ Bàbá Keolamau Kaʻaihue, ẹ máa gbọ́ ọ kí ẹ tó gba ṣénjì: bàbá rẹ̀ àgbà ló kọ orin "Òjò Niuliʻi". Niuliʻi jẹ́ abúlé kan ní Kohala, agbègbè wa; gbogbo Kohala ló mọ orin náà. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ níbi àsè, kó tó parí, bàbá á ti dìde, á ṣí fìlà, á máa gba àtẹ́wọ́ bí ẹni pé òun ló ru òjò ọ̀hún wá láti orí òkè.

Èmi ni ṣọ́ọ̀ṣì wa yàn pé kí n wádìí àwọn tó kọ àwọn orin àtijọ́ agbègbè wa, ká lè tẹ orúkọ wọn sínú ìwé orin. Orin kan wà tí ìdílé mẹ́ta ń jà lé lórí. Òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ní in, nítorí ìyàwó oníyàwó ni wọ́n fi yìn. "Òjò Niuliʻi" nìkan ló dà bíi pé kò ní wàhálà. Bàbá Keolamau tilẹ̀ ti rán aṣọ funfun tuntun de ọjọ́ tí a ó ya ìwé náà sí mímọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni àwo orin àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àwo láyé ọjọ́un, orúkọ ẹni tó bá ti la ẹnu níwájú wọn ni wọ́n ń kọ. Àyè inú àwo náà kò sì pọ̀; ẹsẹ méjì péré ló gbà. Orin wa kì í parí sí ẹsẹ méjì. Ẹsẹ ìkẹyìn la ti ń sọ ẹni tí a torí rẹ̀ kọrin.

"Bàbá, àwọn ẹsẹ tó kù ńkọ́?" ni mo bi í.

"Èwo ló kù? Ṣé o fẹ́ bá bàbá mi àgbà parí iṣẹ́ wọn ni?"

"Wọ́n ní Màmá Lūʻukia mọ̀ ọ́n."

"Lūʻukia! Èyí tí ohùn rẹ̀ ń lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin?" Ó ti ń wọ bàtà. "Mo ń bá ọ lọ. Kó má lọ fi irọ́ kún inú mọ́tò rẹ."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá Màmá Lūʻukia, ó ń fi ewé igi hala gbígbẹ hun fìlà. Òun àti bàbá jọ lọ sílé ìwé ni.

"Ẹ wò ó, ọmọ ọba ti dé! Keola, jókòó. Poi tí mo fi kókò gún wà ńbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà ńbẹ̀. Àbí àwọn ọmọ olórin kì í jẹun?"

"A ò wá jẹun. Ọmọ yìí ní o mọ ẹsẹ tó kù nínú orin wa."

"Orin yín ni lóòótọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́, ó mirí. Ó yẹ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Keolamau ò lè rí ibi tó ti borí kó má jó níbẹ̀.

"Ṣé mo sọ fún ọ? Kò mọ nǹkan kan. Ẹnu lásán."

Màmá gbé fìlà sílẹ̀, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò lè mira. Ẹsẹ kẹta yin imú ọkùnrin kan àti bó ṣe ń jókòó lórí ẹṣin. Ẹsẹ kẹrin ló wá sọ ọ́ pé: kó di mímọ̀, Kaʻaihue ni mo kọrin orúkọ yìí fún, òdòdó tí òjò Niuliʻi ò lè já.

Kò sí ọmọdé ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé èèyàn kì í kọ orin orúkọ fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ní í kọ ọ́ fún ni.

"Ta ló kọ ọ́?" Ohùn bàbá ti wálẹ̀.

"Màmá mi àgbà, Kapoliʻula. Wọ́n fẹ́ràn bàbá rẹ àgbà. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Pololū ni bàbá rẹ àgbà lọ fẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni màmá mi àgbà fi orin náà ta wọ́n lọ́rẹ."

"O sì ń wò mí láti ọjọ́ yìí, tí mò ń dìde láàárín èrò?"

"Tí mo bá sín òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, ṣé màá tún máa tẹ̀lé ọ káàkiri pé èmi ni mo sín in? Màmá mi àgbà ti fún bàbá rẹ àgbà. Ó ti di tiyín."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé dandan ni kó wọnú ìwé? Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi yangàn nílé ìwé." Kò fi ṣe àwàdà, omi ti ń lé sí i lójú. Ká ní ó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣeé ṣe kí n gbà.

Kò bẹ̀ mí mọ́. Ó yíjú padà sí Màmá.

"Lūʻukia, ẹsẹ kẹta yẹn. Kí ni wọ́n sọ nípa imú bàbá mi àgbà?"

Ó tún un kọ.

"Imú tí obìnrin fi kọ odidi ẹsẹ!" Ó fọwọ́ kan tirẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọrin. Àwọn mélòó ni wọ́n kọrin fún?"

"Imú tiwọn là ń wí o. Tìrẹ dà bí ọ̀dùnkún."

"Ọmọ, kọ Kapoliʻula síbẹ̀," ó wí fún mi, "kọ ọ́ dáadáa. Kí o wá fi lẹ́tà ńlá kọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́."

Ó fa abọ́ poi mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹsẹ kẹta. Bó ṣe ń ṣì í ni Màmá Lūʻukia ń fi ewé hala nà án lórúnkún. Nígbà tí mo dìde pé ilẹ̀ ń ṣú, àwọn méjèèjì ní kí n máa lọ.