Ta Ni Ìyá Dá Lóhùn?

Abẹ ya Ìbítóyè ní àgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàdédé yẹ̀. Orin kan ló ti ilé ìdáná wá bá a níwájú dígí, ohùn ọmọkùnrin kan lórí ìlù ayé òde òní tó ń dún kì-kì-kì:

Mẹ̀dínátù gbọ́ gìtá lókè odò,
Ó gbé ọmọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ.
Ọmọ ń ké, gìtá ń ké:
Ta ni ìyá dá lóhùn?

Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sí i láyà nígbà tó fi dé ilé ìdáná. Ìdùnnúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ro ògì lórí iná, ó sì ń jó bó ti ń rò ó. Ìbítóyè mú fóònù tó wà lórí tábìlì, ó pa á.

"Níbo lo ti rí orin yẹn?"

"Òun ló wà níta báyìí, Dádì. Ọmọ Ayétòrò níbí ló gbé e jáde. Wọ́n ní inú kásẹ́ẹ̀tì bàbá-bàbá ẹ̀ ló ti rí i." Ó wo àgbọ̀n bàbá rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára yín."

"Má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ ọ nínú ilé yìí. Pàápàá lónìí."

 Ìdùnnúolúwa ti mọ ìwà bàbá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orin. Ìbítóyè ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí orin tó wọ etí rẹ̀ bí kò ṣe ti inú ìwé orin ìjọ. Òun a máa sọ pé àwọn orin yẹn ń fún ọkàn nísinmi. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé wọn kì í dárúkọ ará ilé ẹnì kankan.

Mẹ̀dínátù ni orúkọ ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ni ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà.

Kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà. Àwọn onígìtá kan ti Kútọnu wá sí Ayétòrò, ìyá rẹ̀ tó lè fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí gìtá sì gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fún un ní àgbàdo sísun, ó tẹ̀lé wọn kọjá odò kó tó padà wá bá a. Nígbà tí alẹ́ ẹ̀fẹ̀ dé lọ́dún náà, ẹlẹ́fẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà sórin lójú gbogbo ìlú. Ẹnu ẹlẹ́fẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọrin mọ́ kò gbọdọ̀ bínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ tó ń lọ pọnmi ti ń kọ ọ́ lọ, wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ náà ni Ìbítóyè jí, tí kò bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ẹ̀kúlé ló ti rí i. Ó jókòó sétí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú kànga, ó sorí kọ́. Ìbítóyè kò lè pè é. Ó rìn lọ bá a lẹ́yìn, ó di etí ìró rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí àwọn ará ilé fi jí. Kó tó di ọ̀sán, bàbá rẹ̀ ti da ẹrù ìyá rẹ̀ síta. Ìyá mú ọmọ lọ sílé bàbá tirẹ̀ ní Ìlárá, láti ọjọ́ náà kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ Ayétòrò mọ́.

Àfi òní. Bàbá Ìbítóyè ti kú, Ìbítóyè ti jogún ilé, ó sì ti jogún kànga. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, lọ́la ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀bẹ̀ ọdún gbọọrọ ni Ìbítóyè bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni orin náà tún wá jí dìde. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orin kì í fọ́ ní tirẹ̀. Yíyí ló ń yí lọ sí àgbàlá ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè mu ògì. Ó lọ sí ẹ̀kúlé, ó fi páànù bo ẹnu kànga, ó gbé ọlọ lé e. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún gbé odó kún un.

Ní gáréèjì tó ti lọ pàdé ìyá rẹ̀, orin náà ti dé ṣáájú rẹ̀. Ó ń dún ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọlọ́kadà kan sì ń fi ẹnu kọ ọ́. Ìbítóyè lọ bẹ onígbàjámọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun pa á, ara ìyá òun kò yá. Ọkùnrin náà pa á. Nígbà tí mọ́tò Ìlárá fi máa dúró, ẹlẹ́rán díndín ti tan tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìbítóyè gba àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí orin náà má baà ráyè.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ọ̀nà ńkọ́? Ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò dá yín dúró?"

"Ìbítóyè, ojú ló ń dùn mí. Etí mi ò di."

Nínú mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè, ó sì tan orin ìjọ sí i.  Ìka ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan ń lu àpò tó ti gbà padà lé itan. Ìbítóyè kọ́kọ́ rò pé orin ìjọ ló ń bá lọ, ṣùgbọ́n onídùùrù ni, ó mọ bí ìlù ṣe ń rìn. Ìlù tí ìka náà ń lù kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.  Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ orin náà.

Wọ́n délé tán ló rántí pé òun kò tíì ra oògùn ojú tí dókítà ní kí wọ́n kán sí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ó mú Ìdùnnúolúwa sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Má fi Màmá àgbà sílẹ̀, kódà bí ẹnì kan bá ń kan ilẹ̀kùn." Ó sáré lọ. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ olóògùn, gbogbo bó sì ti dúró síbẹ̀, kànga ló ń rí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá a wò ó bóyá ekòló ni tàbí ejò?

Ẹnu géètì ló ti gbọ́ orin náà nígbà tó padà. Kò sí ìlù nídìí rẹ̀. Ohùn ènìyàn lásán ni, ó sì ń dún bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde. Ó wọ pálọ̀: àga ṣófo. Ilé ìdáná: kò sẹ́nìkan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Odó wà nílẹ̀, ọlọ wà nílẹ̀, páànù fara ti ògiri.

Ìyá rẹ̀ jókòó sétí kànga, ó sorí kọ́.

Ìbítóyè kò lè pè é. Ó rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé ó ti ń gbà á?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó ń gbà á, Màmá àgbà. Ẹ máa kọ ọ́." Ìdùnnúolúwa ló dá a lóhùn. Ó lóṣòó sí òdìkejì kànga, ó na fóònù rẹ̀ sẹ́nu kànga. Garawa omi tó fà fún àlùwàlá ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ó kọrin sínú kànga, kànga sì ń dá ohùn rẹ̀ padà fún un:

Mo dá gìtá lóhùn,
Mo padà wá dá ọmọ lóhùn;
Ẹlẹ́fẹ̀ ò dúró gbọ́ èkejì.

"Dádì, Màmá àgbà ni Mẹ̀dínátù inú orin yẹn," Ìdùnnúolúwa wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tó kù yìí ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì."

Ìbítóyè wo ẹnu kànga. "Màmá, lọ́jọ́ yẹn, ibí lẹ jókòó sí."

"Ibí ni. Inú ń bí mi. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé orin náà dùn. Mo ń wá èsì rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín wà nínú kànga."

Ìdùnnúolúwa rọra gbé fóònù kúrò.

"Ó wà nínú rẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. Èmi gan-an ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ yẹn ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá di aṣọ mi mú látẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí èkejì orin náà." Ó na ọwọ́ wá garawa omi. "Jọ̀wọ́ aṣọ mi báyìí, jẹ́ n ṣàlùwàlá."

Ìbítóyè wo ọwọ́ ara rẹ̀. Etí ìró ìyá rẹ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti fún un pọ̀. Kò mọ ìgbà tó dì í mú.